Ṣé oògùn ṣúgà ló ń pa ọkùnrin ni, àbí ṣúgà fúnra rẹ̀?

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 54 ni mí. Ó ti tó ọdún méje tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Metformin ni mò ń lò, wọ́n sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún un ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti bí ọdún kan àbọ̀ ni kinní mi kò ti dìde dáadáa mọ́. Á gbìyànjú, ṣùgbọ́n kí n tó ṣe ohunkóhun, ó ti rọ̀. Ìyàwó mi rò pé mo ní ẹlòmíràn níta. Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ní ṣúgà sọ pé oògùn yẹn ló ń pa ọkùnrin, pé òun ti pa tòun tì. Mo ti fi metformin sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, n kò rí àyípadà. Ṣé kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀? Ṣé mo lè ra oògùn tó ń mú nǹkan le? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi."

Ẹ̀gbọ́n (ọjọ́ orí tí ẹ kọ ju tèmi lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè yín bẹ́ẹ̀), ẹ ṣé tí ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní ìṣòro yìí ni mo ti jókòó tì fún ìdajì wákàtí, tí wọ́n ń sọ ti ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n, ti ojú tó ń ṣú wọn, ti ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá di ilẹ̀kùn mú láti máa lọ ni wọ́n á tó yíjú padà pé, "Dókítà, ó ku nǹkan kékeré kan." Nǹkan kékeré yẹn gan-an ló gbé wọn wá. Ẹ̀yin kò dúró dìgbà tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ìyẹn sì ti dín iṣẹ́ mi kù.

Ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ti fi oògùn sílẹ̀. Ẹ kàn sí ẹni tó kọ ọ́ fún yín lónìí tàbí lọ́la, ẹ sọ òótọ́ fún un pé ẹ ti pa á tì, kí ó sọ bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀ padà. Mo ní kí ẹ béèrè nítorí pé metformin tí èèyàn ti fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè da inú rú bí ó bá gbé gbogbo ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn a máa ń ní kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ẹ ń tọ̀ ṣáá, tí ẹ ń rù, tàbí tí èébì dé tí oorun àìnídìí sì ń kùn yín, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kò sọ bóyá ẹ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà sílẹ̀. Bí ẹ bá ti fi í sílẹ̀, ẹ sọ ìyẹn pẹ̀lú, nítorí àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé bí èèyàn bá jáwọ́ lójijì, ẹ̀jẹ̀ á ga, àyà á máa lù kì-kì-kì, ó sì lè burú fún ọkàn.

Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́ fún yín. Ohun tó rí ló sọ: ó lo oògùn, nǹkan rẹ̀ kò dìde mọ́, ó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ibi tó ti ṣìnà ni pé a máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n sọ fún wa pé a ní àtọ̀gbẹ sí ọjọ́ tí àtọ̀gbẹ bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Irú tó wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà, èyí tí à ń pè ní irú kejì, lè wà lára èèyàn fún ọdún gbọọrọ láìsí àmì kan tó ṣe gbòógì, títí àyẹ̀wò kan á fi tú u fó. Ní gbogbo àkókò yẹn ni ṣúgà ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Oògùn kàn wá bá a nílé ni, ẹni tí wọ́n bá níbi ìbàjẹ́ ni wọ́n sì dì mú. Metformin kì í ṣe oògùn tí a mọ̀ mọ́ àìlèdìde nǹkan ọkùnrin. Ẹ̀yin fúnra yín tilẹ̀ ti dán an wò: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìlò ó, kò sí ohun tó yí padà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ni pé ṣúgà rí àyè sí i.

Ṣùgbọ́n n kò ní da gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín nù, nítorí ìdajì rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, ní ibi tí òun kò tọ́ka sí. Lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan wà tó lè dá kún ìṣòro yìí. Àwọn oògùn tó ń fi ìtọ̀ fa omi jáde lára wà níbẹ̀, irú hydrochlorothiazide; spironolactone náà wà níbẹ̀; àwọn àtijọ́ lára àwọn tó ń dín lílù ọkàn kù náà sì wà níbẹ̀, irú propranolol àti atenolol. Àwọn mìíràn, bíi losartan àti valsartan, kì í sábà dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n fún yín ní tiyín, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà máa ń ṣe irú èyí bí ẹ bá ń lò ó. Ẹ mú páálí gbogbo oògùn yín dání lọ bá dókítà yín, kí ẹ sì béèrè bóyá òmíràn wà tí wọ́n lè fi pààrọ̀. Pípààrọ̀ oògùn kò le. Fífi í sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ló ń ba nǹkan jẹ́.

Ó wá ku ṣúgà fúnra rẹ̀. Kí n tó sọ ohun tó ń bà jẹ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí okó ṣe ń dìde, torí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló gbé e rìn fún àádọ́ta ọdún láìmọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí eegun nínú rẹ̀, kò sì sí ẹran tí èèyàn lè fi ipá gbé sókè bí ẹni gbé apá. Ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo agbára ibẹ̀. Ọ̀pá méjì ló jókòó ti ara wọn nínú rẹ̀, wọ́n rí bíi kànìnkànìn, awọ líle kan sì wé wọn yí ká. Nígbà tí kò bá sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ẹran tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà nínú kànìnkànìn náà fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló ń wọlé. Bí ojú bá rí, bí ọwọ́ bá kàn, bí ọkàn bá fà sí i, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí ìsàlẹ̀. Ìdí iṣan ìmọ̀lára àti awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ á wá tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ nitric oxide. Òun ló ń sọ fún àwọn ẹran tó fún pọ̀ pé kí wọ́n dẹ̀. Wọ́n á dẹ̀, ọ̀nà á là, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, kànìnkànìn á wú. Bí ó sì ṣe ń wú ni yóò máa tẹ àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde mọ́ awọ líle ìta yẹn títí wọn á fi dí. Ẹ̀jẹ̀ ti wọlé, kò rí ọ̀nà jáde, ìyẹn ni à ń pè ní pé ó le. Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998 nítorí ohun tí wọ́n rí nípa afẹ́fẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ọ̀rọ̀ ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi gba ẹ̀bùn náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Awọ tó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni nínípọn rẹ̀. Òun ni ṣúgà kọ́kọ́ ń bá jà. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á máa lẹ̀ mọ́ àwọn èròjà tó mọ iṣan náà, iṣan á máa le, kò ní lè fẹ̀ kó sì sún kì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nitric oxide tí awọ náà ń ṣe á dín kù, èyí tó sì ṣe, á ti bàjẹ́ kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń na awọ kan náà ní pàṣán láti inú, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, èéfín sìgá ń jó o (ẹ kò sọ bóyá ẹ ń mu sìgá; bí ẹ bá ń mu ún, ibẹ̀ ni ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀). Ọ̀nà kejì tí ṣúgà ń gbà wọlé ni iṣan ìmọ̀lára. Ẹsẹ̀ tó ń jó àwọn alátọ̀gbẹ bí iná tàbí tó kú tipiri, irú ìbàjẹ́ kan náà ló lè bá àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn lọ sí okó. Ọpọlọ á ránṣẹ́, iṣẹ́ náà kò ní dé. Ọ̀nà kẹta kò hàn sí ojú: àwọn ẹran tó yẹ kí ó dẹ̀ nínú kànìnkànìn á máa kú díẹ̀díẹ̀, ohun tó dà bí ojú àpá á sì rọ́pò wọn. Kànìnkànìn tó ti di àpá kò lè wú tó láti dí ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ẹ̀jẹ̀ á wọlé, á sì jò jáde. Ẹ kọ ọ́ pé ó máa ń gbìyànjú kí ó tó rọ̀. Ó lè jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà lè fa irú ìrọ̀ kan náà, n kò sì lè fi lẹ́tà lásán yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni, ẹ̀gbọ́n. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà láàárín 1987 sí 1989 lórí àwọn ọkùnrin ọmọ ogójì sí àádọ́rin ọdún, ìdá 52 nínú 100 ló ní ìṣòro yìí, bóyá ó kéré bóyá ó pọ̀. Àwọn tí tiwọn kò dìde rárá tó bí ìdá 10 nínú 100 lápapọ̀. Láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú àtọ̀gbẹ, ìdá 28 ni. Ọkùnrin tó ní àtọ̀gbẹ sábà máa ń kó sínú rẹ̀ ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní in.

Mo ní a ó padà sí ọ̀rọ̀ ọkàn. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú okó kò fẹ̀ ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Èyí tó ń bọ́ ọkàn fẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 4. Èyí tó ń gba ọrùn lọ sí ọpọlọ tó 5 sí 7. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: awọ kan náà ló tẹ́ inú gbogbo wọn, ṣúgà kan náà ló ń ṣàn kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n páìpù tó tín-ín-rín jù ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé ìdọ̀tí wà nínú omi. Ìdí nìyí tí a fi ń rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí nǹkan wọn kọ́kọ́ kọ̀, tó sì wá jẹ́ pé ní bí ọdún méjì sí márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ ni àìsàn ọkàn wá fara hàn. Ohun tó tún le níbẹ̀ fún alátọ̀gbẹ ni pé iṣan ìmọ̀lára ọkàn rẹ̀ náà lè ti kú, débi pé àìsàn ọkàn lè kọlù ú láìsí ìrora àyà kankan, àárẹ̀ lásán tàbí èémí tó ń kúrú nìkan ni yóò rí.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọkùnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò jìn sí tiyín wá bá mi fún oògùn tó ń mú nǹkan le. Ojú ń tì í, ojú sì ń ti èmi náà. Mo kọ oògùn fún un láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún kí àwa méjèèjì lè bọ́. N kò wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, n kò béèrè ọ̀rá, n kò béèrè bóyá ó ń mí hẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn. Kò tó ọdún méjì tí wọ́n gbé e dé pẹ̀lú àìsàn ọkàn. Ó yè é, a dúpẹ́. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin bá ti sọ fún mi pé kinní òun kò dìde, ọkàn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Nítorí náà, kí ẹ tó wá oògùn kankan fún kinní, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. HbA1c ni èyí tó ń sọ bí ṣúgà ti rí ní oṣù mẹ́ta tó kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn là ń fẹ́ kí tiwọn má kọjá 7 nínú 100, ṣùgbọ́n dókítà yín ló mọ èyí tó bá yín mu. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n yẹ kíndìnrín wò láti inú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, kí wọ́n yẹ ẹsẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì pinnu bóyá ọkàn yín nílò àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Kí wọ́n wo okó náà gan-an pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti tú ṣòkòtò, ṣùgbọ́n awọ orí rẹ̀ máa ń wú lára alátọ̀gbẹ nítorí kòkòrò tó fẹ́ràn ṣúgà, okó fúnra rẹ̀ sì lè tẹ̀ kọrọdọ. Oògùn lásán kò sì ní wo ìwọ̀nyẹn.

Wọ́n tún lè wo testosterone, họ́mọ̀nù ọkùnrin, nítorí ó máa ń lọ sílẹ̀ lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, pàápàá bí ikùn bá tóbi. Àárọ̀ ni a ń gba ẹ̀jẹ̀ fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó gbà pé ó kéré. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gún yín ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò. Bí ẹ bá ṣì ń retí ọmọ, abẹ́rẹ́ náà lè dá àtọ̀ ṣíṣe dúró. Tí mo bá ti dé ibí yìí, àwọn mìíràn máa ń bi mí pé àwọn parí, ṣùgbọ́n omi kò jáde. Ìyẹn ọ̀tọ̀: ẹnu ọ̀nà àpò ìtọ̀ ni kò pa dé bó ṣe yẹ nítorí iṣan ìmọ̀lára tó bàjẹ́, tí àtọ̀ fi padà sínú àpò ìtọ̀, tó sì bá ìtọ̀ jáde lẹ́yìn náà. Kì í pa èèyàn lára, ẹni tó ń wá ọmọ nìkan ló ń yọ lẹ́nu.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan tí lẹ́tà yín kò dáhùn: ṣé ó ṣì máa ń le nígbà tí ẹ bá jí ní ìdájí? Bí ó bá ń le dáadáa nígbà yẹn, tó wá ń kọ̀ nígbà tí ẹ bá wà pẹ̀lú ìyàwó yín, ẹ̀jẹ̀ ń rí ọ̀nà nìyẹn, ọkàn yín ló sì yẹ kí a wò ní ti àníyàn. Bí kò bá le ní ìdájí mọ́, tó sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń burú sí i, iṣan ni mo máa fura sí. Fún ọkùnrin tó ní àtọ̀gbẹ, méjèèjì ló sábà máa ń rìn pọ̀. Iṣan á kọ́kọ́ já a kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejì, kí ó tó bọ́ aṣọ ni yóò ti máa ṣọ́ ara rẹ̀ bóyá yóò tún kọ̀. Ìbẹ̀rù ń tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí iṣan fún pọ̀, òdì kejì ohun tí a nílò pátápátá. Ẹni tó ń ṣọ́ okó rẹ̀ ló ń pa á.

Ẹ béèrè nípa oògùn tó ń mú nǹkan le. Sildenafil ni àkọ́kọ́ nínú wọn. Oògùn ìrora àyà tó ń wá láti ọkàn ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó rí ohun tó ń ṣe níbòmíràn, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta 1998. Tadalafil wá tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọn kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí nitric oxide jẹ́ tètè parẹ́. Ẹ kíyè sí i: wọn kì í dá iṣẹ́ sílẹ̀, èyí tó bá ti wà nílẹ̀ ni wọ́n ń mú pẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi ní ṣe nǹkan kan bí ẹ bá gbé e mì, tí ẹ wá jókòó máa retí rẹ̀ láìsí ìfọwọ́kàn tàbí ìfẹ́ kankan. Ìdí nìyí náà tí kì í fi í ṣiṣẹ́ fún alátọ̀gbẹ tó bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 lórí 268 ọkùnrin tó ní àtọ̀gbẹ, ìdá 56 nínú 100 àwọn tó lo sildenafil ló sọ pé nǹkan sàn sí i, ìdá 10 péré sì ni lára àwọn tí wọ́n fún ní oògùn asán. Ó ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn. Lára àwọn tó wá sọ fún mi pé kò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọn kò lò ó bó ṣe yẹ. Wọ́n gbé sildenafil mì lórí oúnjẹ ọlọ́ràá, tó ń dá a dúró. Wọn kò fún un ní wákàtí kan. Tàbí kí wọ́n ti mu ọtí yó. Àwọn mìíràn dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì jù ú nù. A máa ń fẹ́ kí èèyàn dán an wò tó ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, ní ìwọ̀n tí dókítà bá sọ, kí ó tó sọ pé ó kọ̀. Tadalafil kò ka oúnjẹ sí tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè wà lára tó wákàtí 36, èyí tó ń yọ àwọn tí kò fẹ́ máa wo aago.

Ewu kan wà tí n kò ní fi ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sọ. Ẹni tó bá ń lo oògùn ìrora àyà tó jẹ́ ẹ̀yà nitrate, irú nitroglycerin tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tàbí isosorbide, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sildenafil tàbí tadalafil rárá. Bí méjèèjì bá pàdé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì débi ikú. Àwọn oògùn kan fún ẹṣẹ́ ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ (prostate), irú tamsulosin, náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ fún yín pé kí ẹ lọ rà á fúnra yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ni ẹ ń retí. Orí fífọ́, ojú tó ń gbóná àti imú dídí ni wọ́n sábà máa ń fà, wọ́n sì máa ń lọ. Bí ojú bá ṣàdédé fọ́ tàbí etí di, ẹ sáré. Bí okó bá sì le fún wákàtí mẹ́rin tí kò rọ̀, kì í ṣe ohun ìdùnnú, ìtọ́jú pàjáwìrì ni, torí ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀ lè mú kí ẹran inú rẹ̀ kú.

Ní ti àwọn oògùn tí lẹ́búlù wọn ń pariwo pé ewé àti egbò nìkan ló wà nínú wọn, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lọ́gán: àwọn àjọ tó ń bójú tó oògùn ti yẹ irú wọn wò léraléra, tí wọ́n sì bá sildenafil nínú wọn, ní ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò kọ sí ara ìgò. Ẹni tó ń lo nitrate tó bá mu irú rẹ̀ kò ní mọ ohun tó pa á.

Bí oògùn ẹnu bá kọ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ẹ̀rọ kan wà tí a ń fi bo okó, tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé, a ó sì fi rọ́bà di ìdí rẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò béèrè kí iṣan ìmọ̀lára yè. Abẹ́rẹ́ alprostadil wà, tí èèyàn ń gún sínú okó fúnra rẹ̀; àwọn ọkùnrin máa ń wárìrì bí mo bá dárúkọ rẹ̀, àwọn tó gbìyànjú rẹ̀ sì máa ń sọ pé ẹ̀rù rẹ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ abẹ ló gbẹ̀yìn, tí wọ́n ń fi ọ̀pá sínú. Kò ní àtúnṣe padà sí ti tẹ́lẹ̀, ìdí nìyí tó fi gbẹ̀yìn.

Ṣé ó lè padà sí bó ṣe wà nígbà tí ẹ jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún? N kò ní tàn yín. Ẹran tó ti di àpá kì í padà di ẹran, iṣan ìmọ̀lára tó ti kú pátápátá kì í sábà jí. Ṣùgbọ́n awọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lè gbádùn bí a bá gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ní 2004, ìwádìí kan jáde láti Ítálì lórí 110 ọkùnrin tó sanra jù, tí nǹkan wọn kò dìde dáadáa. Wọ́n ran 55 lọ́wọ́ gidi láti jẹun dín kù kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá. Ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n fún 55 yòókù. Lẹ́yìn ọdún méjì, 17 nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ ló ti padà bọ̀ sípò, 3 nínú ìkejì. Àwọn wọ̀nyẹn kò ní àtọ̀gbẹ, nítorí náà n kò lè fi iye wọn ṣèlérí fún yín. Ohun tí èmi fojú ara mi rí ni pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kánkán fún ìdajì wákàtí ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, tí wọ́n jáwọ́ nínú sìgá, tí ṣúgà wọn sì balẹ̀, oògùn ẹnu ń ṣiṣẹ́ fún wọn ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Ó máa ń gbà tó oṣù mélòó kan.

Ó ku ìyàwó yín. Ọdún kan àbọ̀ lobìnrin yẹn ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́ tàbí tó ń dá yín lẹ́jọ́, nítorí kò sẹ́ni tó sọ ohun mìíràn fún un. Ẹ má ṣe bá a sọ ọ́ lórí ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ tí ó bá kọ̀. Ojú á ti pọ́n nígbà yẹn, ohunkóhun tí ẹ bá sọ á dà bí àwáwí. Ẹ wá ọ̀sán kan tí ọwọ́ dilẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ṣúgà ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́, pé ẹ fẹ́ lọ yẹ ọkàn yín wò, kí ẹ sì bi í bóyá yóò bá yín lọ. Bí ó bá gbà, ẹ jẹ́ kí òun náà jókòó sínú yàrá dókítà. Àwọn ìyàwó ló sábà máa ń rántí ìgbà tí kinní ń le ní ìdájí àti ìgbà tó dáwọ́ dúró, tí ọkùnrin fúnra rẹ̀ kò ní rántí.